Don Catello Fẹ́ Nọ́ńbà Kòrónà

Nápólì ni. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí kọ̀ǹpútà Dókítà Mafalda ti ń ṣe ìṣirò kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló sì kù kó parí, ni Don Catello, bàbá tó ń ṣọ́ ilé náà, bá wọlé láti pa iná. Àwọn oníwáyà tó fẹ́ tún iná ilé náà ṣe ti ń dúró dè é nísàlẹ̀.

"Ẹ dákun, bàbá, ẹ má tíì pa á. Bí iná bá lọ báyìí, gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ mi lọ nìyẹn."

Ọwọ́ Don Catello dúró lórí súìṣì. "Àsọtẹ́lẹ̀ kẹ̀?"

"Ẹ̀rọ yìí ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ogun inú ara máa ti dá kòrónà mọ̀, ká lè fi ṣe àjẹsára."

"Ọmọ ogun. Méjìlá nìyẹn." Ó yọ bírò, ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Ó yé Mafalda. Ní Nápólì, kò sí ohun téèyàn máa dárúkọ tí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú tẹ́tẹ́.

"Mi ò sọ ti tẹ́tẹ́ o. Ẹ̀gún ara kòrónà ni mò ń wò."

"Ègún? Mẹ́tàdínlógún, nọ́ńbà aburú. Ta ló gégùn-ún fún un?"

"Ẹ̀gún ni mo wí, èyí tó ń gún ni lẹ́sẹ̀. Ìdí tí mo fi ń wò ó ni pé..."

"Ìdí, mẹ́rìndínlógún."

"Kì í ṣe ìdí tí a fi ń jókòó, bàbá."

"Ẹ̀yin lẹ dárúkọ ẹ̀, Dókítà. Èmi ò sọ ìsọkúsọ níwájú obìnrin rí."

Mafalda yíjú wo kọ̀ǹpútà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní kóun fi ọ̀rọ̀ dá bàbá dúró. "Ó dáa, nọ́ńbà ibi tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dárúkọ lára ẹ̀gún náà ni irínwó lé mẹ́tàdínlógún."

"Tẹ́tẹ́ wa ò kọjá àádọ́rùn-ún. Ẹ yọ irínwó kúrò, kí ló kù?"

"Mẹ́tàdínlógún."

"Mo ti sọ fún yín pé ègún ni."

Àwọn oníwáyà pariwo láti ìsàlẹ̀. Bàbá tún nawọ́ sí súìṣì. "Ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé àsọtẹ́lẹ̀ yín máa ń ṣẹ?"

Mafalda kò lè purọ́. "Nínú ogún tó bá dárúkọ, bóyá mẹ́ta ló máa ń ṣẹ."

Don Catello rọra ṣí fìlà. "Mẹ́ta nínú ogún. Ogójì ọdún ni mo ti ń ta tẹ́tẹ́, ẹyọ kan ò ṣẹ rí." Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní kí àwọn oníwáyà lọ mu kọfí ná.

Kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́, ó pọ nọ́ńbà sórí ìwé. Mafalda mí kanlẹ̀.

"Dókítà, àwọn tí kò ní í ṣẹ ńkọ́?"

"Tá a bá ti dán wọn wò tán, a máa dà wọ́n nù."

"Ẹ má dà wọ́n nù o. Àbúrò ìyàwó mi náà ń ta tẹ́tẹ́."