Aṣọ Ọmọ́yẹ Wà Lórí Ẹlòmíràn

Wọ́n gbé aṣọ Ọmọ́yẹ, wọ́n gé e, wọ́n wé e, wọ́n dé e, wọ́n wá fi ìhòòhò rẹ̀ pa òwe. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, n ò ní bu iyọ̀ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹnu yín ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bí dókítà bá pẹ́ dé, ẹ ó pa òwe Ọmọ́yẹ. Bí ẹnìkan bá ra agbòjò lẹ́yìn tí òjò ti pa á tán, ẹ ó tún pa òwe náà. Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ohun tó mú àwọn àgbà máa sọ pé aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìn hòòhò wọjà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò pé wèrè ni. Ẹ gbọ́ nígbà náà.

Ní ìlú Ìdí-Ẹ̀lú, ara aṣọ ni Ọmọ́yẹ ń kọ ìwé sí. Ìyẹ́ adìyẹ ni gègé rẹ̀, ẹ̀kọ ni tàdáwà rẹ̀. Á ya ìtàn sára aṣọ funfun láti etí kan dé èkejì, á rì í sínú aró. Tó bá fọ ẹ̀kọ náà kúrò tán, ìtàn á yọ ní funfun láàárín dúdú. Ẹni tó bá ta aṣọ náà sórí okùn lè kà á bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́.

Ṣùgbọ́n ta ló ń kà á? Oge ló gba ìlú kan. Wọ́n ní aṣọ Ọmọ́yẹ ló lòde, wọ́n á rà á, wọ́n á sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nígbà tó ya ìtàn olè tó jí ewúrẹ́ ọba, ẹni tó ra ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ò mọ ẹni tó ra òpin. Olóyè kan fi ibi tí wọ́n ti ń na olè dá ṣòkòtò; ìdí ni pàṣán bọ́ sí, bó bá ti jókòó báyìí, ìdájọ́ parí. Ewúrẹ́ nìkan ni ìyàwó rẹ̀ wọ̀, ó ń yan kiri.

Ọmọ́yẹ bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ mọ ibi tí ewúrẹ́ yẹn ń lọ?"

Obìnrin náà ní, "Ibi tí mo bá ń lọ náà ni."

Ọmọ́yẹ gbé e mì. Ẹni tó fẹ́ jẹun kì í bá oníbàárà jà. Ṣùgbọ́n aṣọ kan wà tí kì í tà fún ẹnikẹ́ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ró. Ìtàn ìyá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀: ilé tí ogun jó, odò tí ìyá náà là kọjá, Ọmọ́yẹ kékeré tó pọ̀n sẹ́yìn, àti ní igun kan, ojú ìyá náà bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kú. Kò sí ibòmíràn láyé tí ojú ìyá rẹ̀ kù sí.

Òun gan-an ni Ìyálóge Àwẹ̀ró rí. Àwẹ̀ró yìí ni olórí àwọn ológe. Ohun tó bá wọ̀ lónìí, ìlú á wọ̀ ọ́ lọ́la. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, abiyamọ ò ní fi pọnmọ mọ́.

Ó ní, "Ọmọ́yẹ, bọ́ èyí tó wà lára rẹ yìí fún mi."

"Ẹ má bínú, Ìyálóge. Ìyá mi ló wà níbẹ̀."

"Ṣé ìyá rẹ ò fẹ́ jáde ni?"

"Ó jáde tó nígbà ayé rẹ̀. Ogun ló mú un jáde."

Ìyálóge wo aṣọ náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Yóò dáa ní gèlè," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, Ọmọ́yẹ wọ balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó fi aṣọ kọ́ ọgbà. Nígbà tó wẹ̀ tán tó nawọ́, yẹtí tuntun ló bá lórí ọgbà. Ìyálóge ti ṣe pàṣípààrọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pe òun lólè. Ọmọ́yẹ wo yẹtí náà. Ṣé yẹtí ni èèyàn fi ń bo ìdí ni?

Ìbídùn àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ pé ògiri kan ló pààlà ilé wọn, yọ orí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí aṣọ yín lọ́wọ́ Ìyálóge. Àgọ́ Lámídì aránṣọ ló gbé e lọ. Ó ní òun àti ẹgbẹ́ òun fẹ́ pín in."

Ẹ̀yìn ilé Ọmọ́yẹ gan-an ni ọjà ti bẹ̀rẹ̀, àgọ́ Lámídì ò sì jìnnà. Aṣọ yòókù tí Ọmọ́yẹ ní wà nínú aró. Ti àwọn oníbàárà ò ṣe é fọwọ́ kàn, ẹ̀kọ tútù ló wà lára wọn.

"Ìbídùn, ju aṣọ kan sí mi. Ṣe kíá."

"Mo ń bọ̀."

Ìbídùn ṣí àpótí, ó fa ọ̀kan yọ, ó rí i pé ti èṣí ni. Ó dá a padà.

"Ìbídùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé aláwọ̀ osùn ni kí n mú ni, àbí ẹlẹ́yẹlé?"

"Mú àkísà."

"Àkísà kẹ̀? Lọ́jọ́ ọjà? Kí wọ́n lè ní èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún yín?"

Ó mú aláwọ̀ osùn, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí pé kò sí ìborùn tó bá a lọ. Ó padà. Ó rí ìborùn, kò rí bùbá. Omi ti gbẹ lára Ọmọ́yẹ. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ológe láti àgọ́ Lámídì, ó wá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé, "Igun tí ojú wà yẹn ni kóo ti bẹ̀rẹ̀, yóò dáa ní fìlà."

Ẹsẹ̀ Ọmọ́yẹ ò bi í léèrè kó tó gbéra.

Ọjà là sí méjì. Ẹlẹ́pà da ẹ̀pà nù. Alápatà gé ìka ara rẹ̀. Àgbò já okùn, kò sì sí ẹni tó lé e. Àwọn tó ní àwọn ò lè wò ó ni wọ́n wò ó jù.

Ó dé àgọ́, àlùmọ́gàjí ti ṣiṣẹ́ tán. Odò wà lórí Ìyálóge, ó wé e, ó ta sókè bí ìyẹ́ àwòdì. Ilé tó ń jó ti di àpò ìfàlọ́wọ́. Ọmọ́yẹ kékeré ti já bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di ọ̀já ìgbàdí. Igun tí ojú wà, kò rí i.

Ó ní, "Ẹ kó ìyá mi jọ fún mi. Ojú rẹ̀ dà? Ta ló fi ojú ìyá mi ṣe fìlà?"

Ìyálóge tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ẹ wo ẹni tí ò wọ nǹkan, ó ń sọ̀rọ̀ aṣọ."

Bàbá àgbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lámídì rọra ṣí fìlà tuntun tó wà lórí rẹ̀, ó fi há abíyá. Ìgbà yẹn ni Ìbídùn já wọ ọjà, ó ń mí helehele, ìró, bùbá, ìborùn, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ pàápàá, gbogbo rẹ̀ bára mu. Bàbá náà gbé ọwọ́ kan tó ṣẹ́kù fún un sókè.

"Ọmọ mi, máa gbé e padà sílé. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìn hòòhò wọjà."

Ẹ̀rín gba ọjà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn, wọ́n gbé e lọ sílé bí wọ́n ṣe gbé aṣọ lọ: wọ́n mú ibi tó wù wọ́n, wọ́n gé ìyókù dànù.

Ẹ ti wá rí i pé òótọ́ ni Bàbá sọ. Èyí tó jẹ́ ti Ọmọ́yẹ wà lórí wọn, èyí tó ń bọ̀ wá bá a ń wá ìborùn. Aṣọ wo ni ì bá bá a? Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìn hòòhò wọjà. Ẹ máa pa á lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jà, òwe kì í sì í ṣe èsì. Ta ló fi ojú ìyá rẹ̀ ṣe fìlà? Ẹni tó dé e mọ ara rẹ̀. Kó dá a lóhùn.