Àwòrán Ara Mi Lórí Kápẹ́ẹ̀tì Àlájì

Ọjọ́ kan wà tí kò jẹ́ kúrò lọ́kàn mi: Sátidé kan ní oṣù kẹfà, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tí mo gbéra ní Alábàtà, níbi tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti lọ fojú han bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ mí, ó parí nìyẹn. Nítorí pé Àlájì, bàbá ọ̀hún, ń ṣòwò aṣọ, mo rò pé àdìrẹ ló yẹ kí n wọ̀. Mo yà ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, mo ra bùbá àti ṣòkòtò lọ́dọ̀ ìyá aláró kan.

"Àrẹ̀dú o, Ìyá," ni mo wí, bí a ti ń kí aláró.

"O ṣé, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n má wọ̀ ọ́ lónìí o! Fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ ná. Aró rẹ̀ kò tíì mu."

Èmi tí mo ti ka odindi ìwé lórí ìtàn àdìrẹ! Ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo ti pààrọ̀ aṣọ.

Orí ọ̀kadà ni òjò ká mi mọ́. Mo rin gbingbin kí n tó dé ilé Àlájì. Kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wọn funfun báláú, kẹ́tùrù àlùwàlá sì wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ọmọlúwàbí kì í kí bàbá ìyàwó lóòró. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Wọn kò tètè ní kí n dìde.

"Mo gbọ́ pé o mọ Gẹ̀ẹ́sì," ni Àlájì wí. "Òyìnbó máa ń ní òjò kì í kàn rọ̀, ńṣe ló máa ń ya lulẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Àyà mi balẹ̀. Mo dìde. "Bàbá, wọ́n ń lò ó nígbà tí àjálù kan bá ṣẹlẹ̀, tí òmíràn sì gùn ún lẹ́yìn. Àwa náà ní bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé a kì í lò ó fún ìyà ẹyọ kan..."

Mo rí i pé ojú wọn ti kúrò lára mi. Mo wo ilẹ̀. Yéè! Gbogbo ara mi ló wà níbẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ikùn, orúnkún, wọ́n dú bí aró. Mo ta gìrì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi gbá kẹ́tùrù, omi dà, aró sì ṣàn títí dé ibi tí wọ́n ti ń kírun.

"Àlàyé yẹn ti tó, tíṣà," ni Àlájì wí. "Má wulẹ̀ tún fi ògiri ṣe àpẹẹrẹ kẹta."

Ẹni tó ń rẹ aṣọ láró ló mọ ìgbà tí aró mu. Ìwé mi kò mọ̀ ọ́n. Kápẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà ní pálọ̀ di òní, ibi tí ikùn mi tẹ̀ ni wọ́n ń gbé àga àlejò lé, èmi àti ìyàwó mi a sì máa wo ara wa rẹ́rìn-ín. Bóyá àlàyé mi ló wu Àlájì tí wọ́n fi fún mi lọ́mọ, tàbí àánú mi ló ṣe wọ́n, n kò mọ̀.