Ọ̀gá Tí Kò Fẹ́ "Sà"

Ọjọ́ tí mo pe orúkọ ọ̀gá mi mọ́ ọn lórí níṣojú ìyá rẹ̀ kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé.

Iléeṣẹ́ aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá nígbà náà. Wọ́n ṣì ń dán mi wò ni, ọwọ́ ọ̀gá yìí ló sì wà bóyá wọ́n á gbà mí pátápátá tàbí wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Ìlú òyìnbó ni ọ̀gá ti dé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó kó gbogbo wa jọ, ó ní a ò gbọdọ̀ pe òun ní "sà" tàbí "ọ̀gá," Dàpọ̀ lásán ni kí a máa pe òun, torí pé ọgbọọgba ni gbogbo wa. Orí àga kan ṣoṣo tó ń yí ní ọ́fíìsì wa ló jókòó sí tó fi ń sọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí o. Kò síṣẹ́ tí n kì í fi "sà" yìí ṣe. Mo fi ń kíni, mo fi ń jẹ́ ìpè. Bí n ò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, "Sà?" ni. Bí mo bá sì ṣẹ̀, òun náà ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀. Mo ti pe ẹ̀rọ tó ń dáhùn fóònù ní báńkì ní "mà" rí.

Bí mo bá wá ń fẹ́ rí ọ̀gá, ńṣe ni mo ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ ní kí n lọ sọ́sibítù. Nígbà tó yá, ó kìlọ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá là ò lè bá òun ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Nílé wa ní Dutse Alhaji, mo dúró síwájú dígí, mò ń pe "Dàpọ̀, Dàpọ̀," títí ìyàwó mi fi bi mí pé ta ni Dàpọ̀, kí ló fi ṣe mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyá àgbà kan nínú ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ ló wá kí i láti ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Màmá. Bí mo ṣe dìde, mo kọjú sí ọ̀gá.

"Dàpọ̀, báwo ni? Mo ti parí iṣẹ́ tí o gbé fún mi."

Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo "o" yẹn ni, kó lè rí i pé ojú mi ti là.

Màmá bọ́ awò ojú wọn. "Dàpọ̀, ṣé ẹgbẹ́ ẹ lèyí ni?"

Mo wo ọ̀gá pé kó gbà mí. Ọ̀gá ń wo tábìlì.

Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Màmá. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn, kò gbọ́."

Mo tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ má bínú sà. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ sà." Kò sí èyí tí ọ̀gá dá padà nínú gbogbo "sà" náà.

Màmá ló bá mi bẹ̀ ẹ́ tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Màmá ní ọmọ tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣì ṣeé tún ṣe. Bí mo bá rántí, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín, ojú a sì tún máa tì mí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé, bí ọ̀gá kan bá ní kí ẹ má pe òun ní "sà," ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ìyá rẹ̀ ti gbọ́.