Bí Oyèdòkun Ṣe Fi Kóòdù Ká Àpólò Mọ́ Búlọ́ọ̀kì Kẹta

Ẹ dìde, ẹ̀yin tí ojú yín mọ́ kedere. Ẹ̀yin tí ojú yín pọ́n, ẹ fọwọ́ kan ògiri kí ẹ̀yin náà dìde, nítorí orúkọ Oyèdòkun ni mo fẹ́ dá! Oyèdòkun ọmọ Gbádégẹsin, ọmọ olùkọ́ ìṣirò tí í fi pàṣán wá èsì rí, ọmọ-ọmọ ọkùnrin tó ka hóró àgbàdo inú àpò mẹ́ta nítorí iyàn lásán, erin tí í tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà bí ẹni ń tẹ orí ọ̀tá, akin tí ebi ń pa tó ní kí oúnjẹ ní sùúrù kí òun parí ìlà kan!

Ọdún kẹrin rẹ̀ ní yunifásítì ni àpólò, àrùn ojú pípọ́n tí í ràn bí iná inú ọyẹ́, ya wọ Búlọ́ọ̀kì Kẹta nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin. Àwọn kan fi omi iyọ̀ bọ́jú, àwọn kan ra jígí dúdú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n kóòdù ni Oyèdòkun fẹ́ fi ṣọ́ ojú: ó ní òun yóò sọ bí àrùn náà yóò ṣe rìn kó tó rìn. Dókítà Fálọmọ, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ó dáa. Sọ iye ènìyàn tójú wọn yóò pọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bó bá fi ẹnì kan lé tàbí tó fi ẹnì kan dín, wà á lọ ka tanwíji inú gọ́tà fún iṣẹ́ àṣekágbá ẹ, bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ."

Háà! Tanwíji! Ṣé ẹkùn ni yóò máa ṣọdẹ ọmọ ẹ̀fọn?

Akọni náà ya agbọ̀n mẹ́ta sínú kọ̀ǹpútà: ti àwọn tí àrùn kò tíì mú, ti àwọn tó ń mú lọ́wọ́, àti ti àwọn tó ti fi sílẹ̀, ó sì kọ́ ẹ̀rọ náà bí ènìyàn ṣe ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ó gba orúkọ ọgọ́rin akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì ilé náà, ó fi dán an wò. Kọ̀ǹpútà ní ojú ènìyàn mọ́kàndínlógún ni yóò pọ́n lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló pọ́n.

"Wòlíì oníbọ́tìnì!" Ìlésanmí tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kígbe, ojú rẹ̀ kan ṣí, ìkejì pa dé. "Gbé garawa o, tanwíji ti ń retí ẹ!"

Oyèdòkun dìde. Ó gbé bírò bí ẹni gbé ọ̀kọ̀, ó ń wọ yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́sàn-án gangan. Ní Yàrá Karùn-ún, níbi tí ọ́fíìsì kọ ènìyàn mẹ́rin sí, ó bá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mọ́kànlá nínú ife kan ṣoṣo. Skọ́tà! Àwọn tí kò gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, tí wọ́n ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀! Ṣùgbọ́n ènìyàn ní í sá, búrọ́ọ̀ṣì kì í sá. Búrọ́ọ̀ṣì inú ife ni ó ń kà láti yàrá dé yàrá, bí ọba ṣe ń ka ìlú tó ṣẹ́gun, títí ó fi ka mẹ́tàlélọ́gọ́jọ. Ó tún kóòdù ṣe. Kọ̀ǹpútà mí kanlẹ̀, ó ní: ọjọ́ Ẹtì, mọ́kànlélógójì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Dókítà dúró nídìí ẹ̀rọ omi tí gbogbo wọn ti ń bọ́jú, ó ń ka ojú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá.

"Ogójì," ó wí.

"Ogójì!" Ìlésanmí fò sókè. "Mà, ẹ jẹ́ n bá a gbé garawa náà!"

Orí akọni wálẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún nù ún, ó wá ń họ ọ́.

"Oyèdòkun," Dókítà pè é, "gbé ojú sókè."

Ó gbé e. Ti òsì pọ́n bí ẹyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já nínú ìdì.

"Mọ́kànlélógójì," ni Dókítà wí, ó sì gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Ayọ̀ gbé Oyèdòkun! Ó na apá láti dì mọ́ gbogbo ayé, gbogbo ayé sì fẹsẹ̀ fẹ. Kí a kéde rẹ̀ ní gbogbo búlọ́ọ̀kì, kí àwọn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà gbọ́: Oyèdòkun nìyí, ọmọ Gbádégẹsin, ẹni tó ka iye àwọn tí ogun yóò kó kí ogun tó dé, tí iye náà kò pé, tó sì fi ojú ara rẹ̀ dí i!