Abọ́dúnrìn Aka-Àmín-bí-Ìbò

Ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú, bí ènìyàn bá kí Abọ́dúnrìn ní "Ẹ káàárọ̀" lásán, kò ní í dáhùn. "Ẹ káàárọ̀, Olùdámọ̀ràn" ni ó ń retí. Ẹnikẹ́ni kò tíì yàn án sípò. Ìdìbò gan-an kò tíì wáyé. Ṣùgbọ́n aṣọ tí yóò fi gba ìwé ìyànsípò ti wà lọ́dọ̀ télọ̀.

Abọ́dúnrìn, ọkọ dátà. Ajíwo-fóònù-kó-tó-bọ́jú. Ẹni tó jókòó sí Ìkòròdú tó ń rí inú ará Ẹ̀pẹ́.

Iṣẹ́ tó ń ṣe fún Alhaji Bísíríyù, tó ń du ipò aṣòfin Ẹ̀pẹ́, ni pé ó ń ṣọ́ àwọn ènìyàn lórí Wásáàpù: ta ló ti kúrò lẹ́yìn Ìbráhìm, alátakò wọn, ta ló ti yà sọ́dọ̀ wọn. Láràárọ̀, yóò fi àdúrà sínú gbogbo gúrúùpù Ẹ̀pẹ́, ti apẹja, ti ìyá ọlọ́mọ, ti àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé: "Ọlọ́run yóò gbé Alhaji Bísíríyù dé ipò." Ẹni tó bá dáhùn "Àmín," Abọ́dúnrìn ti kà á mọ́ olùdìbò. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lójú Abọ́dúnrìn, ohun tó wà lẹ́yìn Àmín ni ìbò.

Ká má pè é ní irọ́. Òpùrọ́ a máa mọ̀ pé òun ń purọ́. Abọ́dúnrìn gba ara rẹ̀ gbọ́, èyí sì burú ju irọ́ lọ.

"Alhaji, wọ́n ń ya bọ̀ bí eéṣú," ni ó wí. "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lọ ká ojúlé ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ ti wọlé tán."

Alhaji kò fẹ́ràn ìrìn, ó gbà. Ó ní níbi ìpàdé àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ ni òun yóò ti kéde rẹ̀ ní Olùdámọ̀ràn.

Ọjọ́ pé. Wọ́n gbé ojú fóònù Abọ́dúnrìn hàn gàdàgbà lára ògiri gbọ̀ngàn. Ó mú ọ̀pá, ó ń tọ́ka.

"Àwọn apẹja nìyí. Ti Ìbráhìm ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ wo Àmín."

Alhaja Mùsílímátù, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, tó wà nínú gúrúùpù náà nítorí ẹja tó ń tà, rí orúkọ ara rẹ̀ láàárín àwọn tó ṣàmín. "Tá a bá wá ṣàdúrà fún Ìbráhìm ńkọ́?"

"Wọn ò ní dáhùn, Mà. Wọ́n ti ṣí kúrò lọ́hùn-ún."

"Ṣe é ká wò ó."

Abọ́dúnrìn rẹ́rìn-ín ọ̀mọ̀wé. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sínú gbogbo gúrúùpù ló ń kà á sókè: "Ọlọ́run yóò gbé Ìbráhìm dé ipò."

"Àmín," ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn. Alhaji Bísíríyù pàápàá ti wí i tán kó tó pa ẹnu dé.

Lára ògiri, Àmín ń ya wọlé. Àwọn apẹja wí i. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wí i. Toyyibah, ìyàwó Abọ́dúnrìn, tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, wí i lẹ́ẹ̀mejì.

"Abọ́dúnrìn, kí lèyí?" ni Alhaji bi í.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, sà."

"Ta ni kì í ṣàmín sí àdúrà, Alhaji?" ni Alhaja Mùsílímátù wí. "Tẹ́ ẹ bá ṣe é fún ewúrẹ́, a ó ṣàmín. Ìbò la kì í fi ṣe sàráà. Ojúlé wo lẹ ti yà látìgbà tẹ́ ẹ ti ń polongo?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alhaji dìde, ó ní kí wọ́n bá òun wá bàtà tó rọ̀, kí wọ́n sì fi ojúlé àkọ́kọ́ han òun. Ó wá kọjú sí Abọ́dúnrìn níṣojú gbogbo ayé. Kò pariwo.

"Ọlọ́run á fún ẹ níṣẹ́ mìíràn."

Ẹnu Abọ́dúnrìn yá ju làákàyè rẹ̀ lọ.

"Àmín, sà," ni ó wí.