Ta Ló Ni Èéfín Tó Ba Agbádá Àlàmú Jẹ́?

Ìgbà kẹta rèé tí Àlàmú fọ agbádá kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà kẹta náà sì rèé tó ká a lórí okùn, tó bá àmì dúdú lára rẹ̀ tótótó bí ẹyẹ ẹtù.

Ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ níwájú yàrá. Ó kà á. Àmì méjìdínlógójì!

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Gíní funfun báláú ni, òun sì ni Àlàmú fẹ́ wọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, láti lọ tọrọ Hassanat lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni bàbá yìí, Alhaji Shuaib ni wọ́n ń pè é, nítòsí ojú irin Àgẹ̀gẹ́ ló sì ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fọ aṣọ olówó àti aṣọ mẹ̀kúnnù, débi pé kì í wo ojú èèyàn mọ́ kó tó wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Àlàmú wọ funfun wá, kí òun lè rí bó ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀.

Ọmọkùnrin Ọ̀yọ́ kan ti wá tọrọ Hassanat ṣáájú. Ọmọlúàbí ni, ó ń kírun, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaji tajú kán rí epo pupa lápá bùbá rẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní kí ọmọkùnrin náà fi bùbá sílẹ̀ kí òun bá a fọ̀ ọ́, àmọ́ kó fi Hassanat náà sílẹ̀.

Ẹ wáá rí i pé àmì méjìdínlógójì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ojú ẹsẹ̀ ni Àlàmú ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Tàbí kí n sọ pé ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ilé tó ń gbé ní Ògbà, yàrá mẹ́jọ ni, ilé ìdáná ẹyọ kan. Ìgbà Sáàpù tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó sì ni, sọ́jà ló wà lórí ìjọba, kẹrosínì ti wọ́n bí ojú, kálukú ń fi ohun tó bá rí dáná. Ìyá Fàúsát, àgbà obìnrin tó ń gbé yàrá àkọ́kọ́, ìyẹ̀fun pákó tó ń kó ní sọ́míìlì ló ń lò. Á ki í mọ́ inú agolo ọ̀dà gbá, á fi ìgò ṣe ihò sáàárín rẹ̀, á wá ṣáná sí i. Kó tó gbiná dáadáa, èéfín á ti lé ewúrẹ́ àdúgbò lọ sí Ìjù. Tíṣà Job, ará Èkìtì, kò fi sítóòfù kẹrosínì rẹ̀ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tò sórí ìlà fún odindi ọjọ́ kan kó tó rí ìgò kẹrosínì méjì rà. Bọ́sẹ̀dé tó ń ránṣọ, èédú ni tirẹ̀.

Àlàmú ńkọ́? Họ́ọ̀tì pléètì ni o! Inú yàrá rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ sí, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í fi yangàn. Á ní iná tòun kò léèéfín, kò léérú, bí iná àwọn tó wà lókè òkun ló rí. Bí iná bá lọ, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ló máa ń lọ nínú ọ̀sẹ̀, á rọra gbé ìkòkò rẹ̀ lọ bá Ìyá Fàúsát, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi iná wọn mú oúnjẹ òun gbóná.

Kò tún sí ẹni tó lè bá Àlàmú jiyàn nípa iná nínú ilé náà, torí iná ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń dáná bọ́ílà, àgbá irin ńlá tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, ní kọ́ḿpìnì ọṣẹ tó wà lẹ́yìn ògiri ilé wọn. Ó máa ń sọ pé iná tí òun bá ti wò lójú, òun mọ ohun tó jẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó pe gbogbo ilé jọ. Ó gbé agbádá dání bí ẹni tó gbé òkú ọmọ ẹlòmíràn wá sílé ẹjọ́. Ó ṣàlàyé, ó rojọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní ẹni tí èéfín rẹ̀ bá ń ba aṣọ òun jẹ́ gbọ́dọ̀ kó ààrò rẹ̀ jáde kúrò nílé ìdáná, kó lọ máa dáná lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Ìyá Fàúsát ló tẹjú mọ́.

Òjò oṣù kẹfà sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ìyá Fàúsát ní ọmọ mẹ́fà tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Àlàmú, ta ló rí èéfín mi lórí okùn ẹ?"

Tíṣà Job ló pẹ̀tù sí i. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìwé ni pé wọn kì í dá ẹjọ́ kí wọ́n tó dán nǹkan wò. Ó fa bẹ́ẹ̀dìṣíìtì rẹ̀ àtijọ́ ya, fààà, sí ọ̀nà márùn-ún, gbogbo rẹ̀ funfun. Kí wọ́n fi ọ̀kan kọ́ sókè ààrò Ìyá Fàúsát, ọ̀kan sókè sítóòfù òun, ọ̀kan sókè èédú Bọ́sẹ̀dé, ọ̀kan sókè họ́ọ̀tì pléètì Àlàmú. Kí wọ́n wá sá ìkarùn-ún sórí okùn níta gbangba, níbi tẹ́nikẹ́ni kì í ti í dáná, kí wọ́n lè mọ bí aṣọ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà ṣe máa ń rí. Tó bá di Ọjọ́rú, kí wọ́n kó wọn jọ, kí wọ́n wò ó. Ó tún sọ fún Àlàmú pé iná ìjọba tó ń fi yangàn yẹn náà, wọ́n ń sun nǹkan níbì kan kó tó dé inú wáyà. Ó ní èéfín rẹ̀ wà, ilé onílé ló ń lọ.

Àlàmú ní kò burú, òun ni kí wọ́n fi ṣe adájọ́, ṣebí òun ló mọ iná. Wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ wá dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ẹni tó bá jẹ̀bi kò ní kó jáde nìkan o, á tún fọ gbogbo aṣọ ilé.

"Títí kan ìtẹ́lédìí ọmọ mi?" Ìyá Fàúsát ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Títí kan ìtẹ́lédìí," Àlàmú dáhùn, ó sì tún fọwọ́ lu àyà.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n kó aṣọ jọ, Àlàmú jókòó sórí àga, ó kẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wọ́n gbé ti Ìyá Fàúsát wá ná. Ó ti pọ́n bí omi tíì, òórùn èéfín tó wà lára rẹ̀ mú kí adájọ́ sín, háàtìṣììì! Ṣùgbọ́n wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, kò sí àmì tótótó kankan lára rẹ̀. Àlàmú tún un wò lẹ́ẹ̀mejì, inú rẹ̀ ò dùn.

Wọ́n gbé ti Tíṣà wá. Dúdú ràbàtà kan wà láàárín rẹ̀ bí ìdí ìkòkò, torí òwú sítóòfù rẹ̀ ti jó tán. Ojú ti Tíṣà díẹ̀. Àmọ́ kò sí tótótó níbẹ̀ náà. Bọ́sẹ̀dé gbọn tirẹ̀ nù, eérú fò lọ, aṣọ mọ́, ó sì ń wo gbogbo èèyàn bí ẹni tó gba ipò kìíní. Tíṣà ní kó má tíì yọ̀, igbó tí wọ́n gé kí wọ́n tó sun èédú náà ti rí tirẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ní ẹjọ́ agbádá ni wọ́n ń dá, kì í ṣe ẹjọ́ igbó.

Ti họ́ọ̀tì pléètì mọ́ fínnífínní. Àlàmú gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i, àfi ìgbà tí Bọ́sẹ̀dé rán an létí pé láti ọjọ́ Ajé ni iná ti lọ, kò sì tíì dé.

Ó wá ku ti orí okùn, aṣọ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Tótótó!

Ara rẹ̀ kún fún àmì dúdú, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí ti agbádá. Tíṣà fi ìka pa ọ̀kan, ó ń yọ̀ bí epo. Ìyá Fàúsát gba aṣọ náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó wá rìn lọ bá adájọ́ níbi tó jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.

"Àlàmú," ó rọra sọ ọ́ ni, "wá gbóòórùn ara ẹ."

Gbogbo wọn gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pá èéfín kọ́ḿpìnì ọṣẹ rèé, ó nà gàgàrà lókè ògiri, ó ń wò wọ́n nílẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé epo dúdú tó ki pọ̀pọ̀ ni bọ́ílà yẹn ń jẹ, ẹ̀gbin rẹ̀ a sì máa dì sínú ọ̀pá. Láràárọ̀, kí iná má baà pa, ẹni tó wà nídìí bọ́ílà á fa irin kan, fùùùùù! Gbogbo ẹ̀gbin á tú jáde lókè. Àlàmú máa ń pè é ní fífọn imú fún bọ́ílà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó ń fọn ín bíi tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń dúró nísàlẹ̀, tó ń wo èéfín náà bó ṣe ń gòkè lọ. Kò fìgbà kan ronú pé ohun tó gòkè á sọ̀kalẹ̀ síbì kan.

Ó gbìyànjú, ẹ má pa irọ́ mọ́ ọn. Ó ní iná kọ́ḿpìnì ni, kì í ṣe iná òun. Ó ní epo kọ́ḿpìnì ni. Ó ní ọṣẹ tí wọ́n ń fi bọ́ílà náà sè, gbogbo ilé ló ń fi fọṣọ. Tíṣà ní òtítọ́ ni, wọ́n ń dọ̀tí aṣọ àwọn, wọ́n tún ń ta ọṣẹ fún àwọn.

Bọ́sẹ̀dé ní ìbéèrè ẹyọ kan ṣoṣo lòun ní. "Ta ló ń fa irin yẹn?"

Àlàmú wo ilẹ̀.

"Èmi ni."

Ẹ̀rín ń pa mí! Adájọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó sì ti sọ iye ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ó fọṣọ. Ṣààṣà, ṣààṣà, láti ìdájí. Ìtẹ́lédìí nìkan jẹ́ mẹ́tàdínlógún, ọmọ Ìyá Fàúsát tó kéré jù sì ti jẹ máńgòrò àjẹjù. Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá Fàúsát ṣàánú rẹ̀. Ó ní òun á dárí ìyókù jì í bó bá lè ṣèlérí pé kò ní fọn imú bọ́ílà mọ́ ní Sátidé, torí Sátidé ni gbogbo Ògbà ń sáṣọ. Àlàmú gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, omi ọṣẹ ń kán lára rẹ̀, ó sì búra níwájú gbogbo ilé.

Ó wá ku agbádá. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Kò lè sá a sínú yàrá, torí aṣọ tó bá gbẹ sínú yàrá lásìkò òjò máa ń rùn, Alhaji á sì gbọ́ òórùn náà láti ìta. Ó bá sáré lọ bá Olúwarótìmí, ẹnìkejì rẹ̀ nídìí bọ́ílà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọn imú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Olúwarótìmí ní kò sí wàhálà.

Òótọ́ sì ni, ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́, kò fọn ín. Oòrùn yọ. Agbádá funfun lórí okùn, ó ń dán. Àlàmú ń kọrin nílé ìwẹ̀.

Ṣùgbọ́n imú tí wọn ò fọn láàárọ̀, ṣé kò ní fọn ara rẹ̀ ni? Nígbà tó di aago mọ́kànlá, bọ́ílà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ẹ̀rù ba Olúwarótìmí, ló bá gbá irin mú. Ẹ̀gbin òru àti ti àárọ̀ pa pọ̀, FÙÙÙÙÙÙÙ!

Orin dá lẹ́nu Àlàmú.

Kò ka àmì mọ́. Kò sí aṣọ mìíràn, kò sì sí àkókò mìíràn. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó lọ kírun, ó gba ọ̀nà Àgẹ̀gẹ́ lọ. Lójú ọ̀nà, ó ń ro bí wọ́n ṣe máa ní kó fi aṣọ sílẹ̀ kó sì fi Hassanat sílẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Alhaji Shuaib kò tilẹ̀ dáhùn ìkíni. Ó fi awò rẹ̀ sójú, ó fa apá agbádá mọ́ra. Ó wò ó. Ó fi ìka pa á. Ó gbé e sí imú. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Hassanat ti fọwọ́ bo ojú.

"Ògbà lo ti ń bọ̀," Alhaji sọ. "Kọ́ḿpìnì ọṣẹ."

Àlàmú ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

"Ta ló ń dá iná yẹn?"

Kí ló tún kù tó fẹ́ fi pamọ́? Àwọn àgbà ní èéfín nìwà. Ó ní òun ni, kí Alhaji forí jì òun, ọdún mọ́kànlá lòun ti ń dá a.

Alhaji yọ awò kúrò lójú. Omi ti lé sí i lójú. Ó dìde, ó fa Àlàmú nílẹ̀, ó sì dì mọ́ ọn tàmìtàmì. Ó ní ṣé ó rí gbogbo aṣọ tó kún ṣọ́ọ̀bù yìí, láti ilẹ̀ títí dé òrùlé? Ó ní Ògbà ni ìdajì rẹ̀ ti wá, tótótó ni gbogbo wọn. Ó ní Sáàpù ti lé gbogbo alágbàfọ̀ àdúgbò náà padà sí abúlé wọn, òun nìkan ló ṣẹ́kù, torí bí àwọn ará Ògbà bá fọ tiwọn nílé, ọjọ́ kejì wọ́n á tún gbé e wá. Iná yẹn ló san owó iléèwé Hassanat.

"Láràárọ̀ ni mo ń ṣàdúà fún ẹni tó ń dá a," ó wí, "n kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni."

Ó ní òun ò gba iṣu, òun ò gba obì, òun ò gba ohunkóhun. Ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún. Sátidé ni àwọn ará Ògbà ń sáṣọ jù. Ṣé ọkọ ọmọ òun kò lè máa fọn ín lẹ́ẹ̀mejì ní Sátidé?

Hassanat yọjú lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Àlàmú.

Àlàmú padà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gíní funfun nínú erùpẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, Bàbá."