Bí Ẹ̀rọ Ìjọ Ṣe Fa Màmá Abọ́sẹ̀dé Lé Oyèkúnlé Lọ́wọ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó bá lè sọ pé òun kò mọ̀ kì í fi ìyá àgbà fún ọkọ ìyàwó"? Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ń bẹ níbẹ̀.

Ọláoṣebìkan ló fi Java, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, kọ ojú ìwé ayélujára kan fún ìjọ rẹ̀, kí àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó lè máa tẹ orúkọ síbẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà lásán ni orúkọ. Ọláoṣebìkan ní láti kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ lẹ́tà di ènìyàn gidi tó wà nínú ìwé ìjọ. Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kó fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ láé pé òun kò mọ nǹkan. Ó pàṣẹ fún un pé orúkọ tí kò bá mọ̀, kó mú ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Màmá Abọ́sẹ̀dé, opó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Oyèkúnlé fẹ́ gbé Morádékẹ́ níyàwó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Morádékẹ́ ló bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. "Eyínfúnjowó" tó máa ń pè é náà ló tẹ̀. Ẹ̀rọ wá Eyínfúnjowó títí, kò rí i. Ó mú ẹni àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ kéde: "Arákùnrin Oyèkúnlé yóò gbé... Màmá Abọ́sẹ̀dé níyàwó. Ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ́."

Màmá ló kọ́kọ́ lanu. "Èmi ò mọ ìdí kankan o."

"Èmi mọ̀ ọ́n!" Morádékẹ́ ti fò dìde.

Ọláoṣebìkan ní, "Ẹ̀rọ mi kì í purọ́. Bóyá wọ́n ti ń fẹ́ra tipẹ́."

Morádékẹ́ bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ lu Oyèkúnlé láyà. "Màmá ni kó o gbé! Èmi ò ṣe mọ́!"

"Eyínfúnjowó, jọ̀ọ́, fara balẹ̀," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

Pásítọ̀ yíjú. "Ọláoṣebìkan, ta ni Eyínfúnjowó?"

"N kò mọ̀, sà."

"Kí ló dé tí o kò kọ́ ẹ̀rọ rẹ láti sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó tún un ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Morádékẹ́ sì gba òrùka padà lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kéde orúkọ tó tọ́, Màmá Abọ́sẹ̀dé kò bá wọn ṣàmín. Ó ní ta ni yóò bẹ òun, tí wọ́n já sílẹ̀ lójú gbogbo ìjọ?

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi sọ pé, ẹni tó bá lè sọ pé òun kò mọ̀ kì í fi ìyá àgbà fún ọkọ ìyàwó.